Ìyàwó Ilé Wa Tó Kọ Mí Sínú Fíìmù

Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí gbọ́: èmi àti Mujeebat kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ìyàwó àbúrò mi ni. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti wà nílé wa ní Bẹyẹrunkà, ìjà tí a sì ti jà pọ̀ ju oúnjẹ tí a jọ jẹ lọ. Bí ẹ bá rí i pé mo ń sọ ìtàn rẹ̀, ẹ má rò pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Èmi tí n kò fẹ́ràn rẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n, nítorí pé ẹni tí à ń bá jà là ń ṣọ́.

Ẹ̀rọ ata ni Mujeebat fi ń jẹun. Abẹ́ páànù kan níwájú ilé wa, létí ọ̀nà gan-an, ló gbé e sí. Láti àárọ̀ ni ẹ̀rọ náà ti ń bú ramúramù, èéfín rẹ̀ a sì máa wọlé bá wa lórí oúnjẹ. Ata ti sọ ojú rẹ̀ di pupa. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán ni. Kì í sunkún. Ọmọ Òkè Bọ́lá ni, ó ka ìwé mẹ́wàá jáde, ó sì fẹ́ kà sí i kí bàbá rẹ̀ tó kú. Bí oníbàárà kò bá sí, a jókòó sórí àpótí, a máa kọ nǹkan sínú ìwé tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò kọ tán. Ọdún mélòó kan ló fi ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. A kò bi í. Àwọn kan rò pé wáàsí tó gbọ́ ní mọ́sálásí ló ń kọ sílẹ̀. Èmi rò pé iṣẹ́ ilé ló ń fi ìwé kíkọ sá fún.

Èmi ni Sìdí, àkọ́bí bàbá wa. Mo lọ sílé ọkọ, mo sì padà. Dálémosú ni wọ́n ń pe irú wa, wọn kàn kì í sọ ọ́ lójú mi ni. Òwú, bọ́tìnnì àti sípì ni mò ń tà l'Ọ́jà'ba, n kò sì tọrọ jẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí mo padà sílé, yàrá tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́ kí ó tó kú ni mo bá tí wọ́n ti fi ọ̀dà tuntun kùn, tí wọ́n sì ti fi ìyàwó Mikail, àbúrò mi, sínú rẹ̀. Mo sọ ẹrù mi kalẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyàwó náà jáde sí mi pẹ̀lú làálì lẹ́sẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní ẹ kú àbọ̀. Ọjọ́ náà ni mo ti kórìíra rẹ̀, n kò sì tíì rí ìdí tí n óò fi dẹ́kun.

Ẹ mọ bí ó ti ń rí nílé wa. Ìyàwó kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni tó bá bá nílé ọkọ, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wa. Orúkọ mìíràn ni yóò wá fún kálukú, orúkọ tó dùn létí, òun náà ni yóò sì máa pè é títí ayé. Àbúrò Mikail di Eyínafẹ́. Mọ́gàjí Yésúfù, àbúrò bàbá wa tó jẹ́ olórí ilé, tí kì í kọjá níwájú dígí kó má dúró, di Arẹwà Àgbà. Nígbà tó kàn mí, Mujeebat wò mí látòkè délẹ̀, ó ní òun yóò máa pè mí ní Sọ̀rọ̀kẹ́lẹ́. Bí mo bá bínú, wọ́n ń gbọ́ ohùn mi ní Àrẹ̀mọ. Àwọn ìyàwó yòókù kọjú sí ògiri kí n má baà rí eyín wọn. Kí ni mo lè ṣe? Orúkọ tó dára ni, kò sì sí ẹni tó ń fi orúkọ tó dára sun ẹnikẹ́ni.

Mo ṣe ohun tí dálémosú ń ṣe. Mo fi àgádágodo sẹ́nu kànga lọ́jọ́ tó bá fẹ́ fọṣọ. Mo sọ fún Mikail pé kó fẹ́ ẹlòmíràn. Bí mo bá sì ní ata láti lọ̀, mo máa ń gbé e lórí kọjá níwájú ẹ̀rọ rẹ̀, n óò rọra rìn kí gbogbo àdúgbò rí mi, n óò sì lọ lọ̀ ọ́ ní Àrẹ̀mọ. Ẹsẹ̀ a máa dùn mí. Inú mi a sì máa dùn.

Báyìí ni mo ṣe mọ̀ nípa ìwé náà. Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Blessing, tó ń bá àwọn èèyàn tẹ̀wé nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn Mápó. Oníbàárà mi ni, ó máa ń ra sípì fún ìyá rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó dé ìsọ̀ mi, ó ní, "Ẹ kú ọjà, Sọ̀rọ̀kẹ́lẹ́," ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu. Orúkọ tí kò jáde kúrò lágboolé wa rí! Mo di apá aṣọ rẹ̀ mú. N kò fi í sílẹ̀ títí ó fi jẹ́wọ́ pé òun ń bá ìyàwó ẹlẹ́rọ ata tẹ ìtàn fíìmù kan, pé gbogbo wa la wà níbẹ̀, Arẹwà Àgbà, Eyínafẹ́, gbogbo wa. Ó ní òun rẹ́rìn-ín níbì kan, òun sunkún níbì kan, àti pé bí òun bá rí Sọ̀rọ̀kẹ́lẹ́ inú ìwé yẹn lójúkorojú, òun á gbá a létí. Mo fún un ní sípì rẹ̀.

Ṣé ẹ rí àṣìṣe Mujeebat? Ó rò pé òun ti bò wá lójú. Akọ̀wé mìíràn ì bá fún wa lórúkọ àjèjì, kó pe èmi ní Rábí, kó pe Mọ́gàjí ní Lásísì, ìtàn ì bá tán. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè kọ orúkọ wa, ọkàn rẹ̀ kò sì lè pè wá ní ohun mìíràn ju èyí tó ti ń pè wá láti ọjọ́ tó wọlé. Orúkọ tí ìyàwó fi ń pè wá nílé náà ló kọ síbẹ̀, bí ẹni tó fi àwọ̀n bojú tó ní ẹnìkan kò rí òun.

Lẹ́yìn ìrun alásàrì ọjọ́ náà, mo kó gbogbo ilé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Mọ́gàjí. Mo ro ẹjọ́ mi, n kò sì rò ó kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo ní ìyàwó yìí ti gbé ilé wa lọ sígboro. Mujeebat kúnlẹ̀, ó ní òun kò dárúkọ ẹnìkan. Mọ́gàjí bi í léèrè pé irú èèyàn wo ni Arẹwà Àgbà tó wà nínú ìtàn náà. Ó ní àgbàlagbà kan tó máa ń parí ìjà ni. Mọ́gàjí wúkọ́ díẹ̀, ó ní aṣọ wo ni àgbàlagbà náà ń wọ̀. Mujeebat ní ẹtù ni. Mọ́gàjí ní ọ̀rọ̀ náà kò le tó bí a ṣe mú un, kí á rọra ṣe. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹjọ́ mi ti fọ́.

Mikail ló wá bi ìyàwó rẹ̀ pé kí ló fẹ́ fi ìwé ọ̀hún ṣe. Ó dáhùn pé òun fẹ́ kí àwọn gbajúmọ̀ òṣèré ṣe é, àwọn tó jẹ́ pé bí ojú wọn bá yọ nínú tẹlifíṣọ̀n, èèyàn á fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná. Ó ní bí àwọn tí ẹnìkan kò mọ̀ bá ṣe é, kò ní sí ẹni tí yóò wò ó, bẹ́ẹ̀ òun kò fẹ́ kú kí ẹnìkan tó mọ bí ilé ọkọ ti rí fún òun. Mikail ní kó lọ dáná sun ún. Mujeebat ní òun ti gbọ́. Ìyàwó tó bá ní òun ti gbọ́ kò tíì sọ pé òun yóò ṣe é.

Bí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn òṣèré kiri nìyẹn, ojú sì rí nǹkan. Gbogbo rẹ̀ ni mò ń gbọ́, ó sì ń dùn mọ́ mi. Ó gbọ́ pé Gabriel Ọdẹ́yalé, ẹni tó máa ń ṣe ọkọ rere nínú gbogbo fíìmù, wà ní òtẹ́ẹ̀lì kan. Ó wẹ̀, ó kun àtíkè, ó dúró lẹ́nu géètì nínú oòrùn títí oòrùn fi wọ̀. Wọ́n ní ọ̀gá kì í gba ìwé lẹ́bàá ọ̀nà. Ó fi ìwé náà lé ẹni tó ń ṣọ́ géètì lọ́wọ́ pé kó bá òun fún un, nígbà tó sì padà lọ lọ́jọ́ kejì, orí ìwé náà ni ọkùnrin ọ̀hún jókòó lé. Ó gbà á, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ dànù lára rẹ̀. Níbòmíràn wọ́n ní kó kọ́kọ́ wá di ọmọ ẹgbẹ́, kó máa bá wọn ru àpótí kámẹ́rà fún ọdún kan, àgbàlagbà obìnrin tó ti bímọ mẹ́ta. Níbẹ̀ náà ni ẹnìkan ti ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ tó sì sín, nítorí ata ti wọ inú ìwé náà. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Aláta. Nígbà tó délé, kò jẹun, ó tan ẹ̀rọ rẹ̀, ó lọ ata àwọn èèyàn. Mo kọjá níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ata tèmi lórí.

Ọlọ́run tó ń ṣe bó ti wù ú ló wá gbé òṣèré wá sẹ́nu ọ̀nà wa. Àwọn onífíìmù kan ń wá ilé àtijọ́, ilé alámọ̀ tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà, Mọ́gàjí sì gbà kí wọ́n wá lo iwájú ilé tiwa. Eunice Akínsọ́tọ̀ ni ọ̀gá òṣèré tó ń bọ̀. Kò sí ọmọdé ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní yàrá ìgbàlejò Mọ́gàjí ni yóò ti máa pààrọ̀ aṣọ. Èmi ni mo bẹ Mọ́gàjí pé kó fi kọ́kọ́rọ́ yàrá náà sọ́wọ́ mi. Mo bá Mujeebat létí kànga, mo sọ fún un pé aṣọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀kùn yẹn. Ó gbé omi rẹ̀ rù, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ ìṣọ́, Sọ̀rọ̀kẹ́lẹ́."

Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n to kámẹ́rà, wọ́n to iná, wọ́n lé àwọn òǹwòran sẹ́yìn. Obed, ọkùnrin gíga kan tó ń darí wọn, pariwo pé kí gbogbo èèyàn dákẹ́. A dákẹ́. Ẹ̀rọ ata kò dákẹ́.

Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ yọ nǹkan etí rẹ̀, ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ yẹn. Wọ́n rán ẹnìkan sí i, Mujeebat ní òun ń lọ ata ìsọmọlórúkọ. Obed fúnra rẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́, Mujeebat tún ní ata ìsọmọlórúkọ ni. Mikail bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ Máíkírà tó fi ń ná Mápó sí Yemetu, ó jágbe mọ́ ọn níwájú gbogbo ayé, ìyàwó rẹ̀ ń da ata sẹ́nu ẹ̀rọ bí ẹni pé òjò ló ń rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó yá Mọ́gàjí jáde. Ìyẹn ló kúnlẹ̀ fún, àmọ́ kò pa ẹ̀rọ. Ó gbé ohùn sókè kí a lè gbọ́ ọ, ó ní, "Ẹ má bínú sí mi, Arẹwà Àgbà. Bí obìnrin tó wà nínú yàrá yẹn bá gbọ́ ìtàn mi tán, ẹ̀rọ yìí kò ní dún mọ́ títí wọn yóò fi lọ."

Mo fẹ́ lọ fi ọwọ́ ara mi já bẹ́líìtì ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n Obed ti ń wo oòrùn tó ń sún lọ lórí páànù, ó ń bú àwọn èèyàn rẹ̀. Níkẹyìn Eunice fúnra rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé pẹ̀lú ìró láyà, ó ní kí wọ́n mú obìnrin náà wá kí òun gbọ́ kí àwọn lè ríṣẹ́ ṣe. Gbogbo ilé yíjú sí mi. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Èmi Sìdí ni mo ṣílẹ̀kùn fún Mujeebat, mo sì dúró sẹ́yìn kọ́tìnì kí n lè gbọ́ bí wọn yóò ṣe lé e jáde.

Eunice ní òun kò ní àyè ìwé kíkà, kó kà á fún òun. Ó ń wo fóònù rẹ̀ bí ìyẹn ti bẹ̀rẹ̀. Mujeebat ń kà á lórí ìdúró. Ó ka bí ìyàwó tuntun ti wọlé, ó ka yàrá tó gbà láìmọ̀ pé yàrá ẹlòmíràn ni. Ó ka àgádágodo ẹnu kànga. Ó ka ata tó ń kọjá lórí lọ sí Àrẹ̀mọ. Nígbà tó yá n kò gbọ́ ìró fóònù mọ́. Eunice ṣe ṣìọ̀, ó ní obìnrin burúkú gbáà ni Sọ̀rọ̀kẹ́lẹ́ yìí. Ó kù díẹ̀ kí n wọlé lọ bá a. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń kà, n kò ní sọ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló ní kí wọ́n máa kà á fún àlejò nínú ilé bàbá mi?

Lẹ́yìn náà ló wá kan ọjọ́ Òkèbàdàn.

Ẹni tó bá gbé Ìbàdàn mọ bí ọjọ́ ọdún náà ti ń rí. Àwọn ọ̀dọ́ á tú síta pẹ̀lú ewé lọ́wọ́, wọn a máa fi orin bú ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá rí, tọmọdé tàgbà, ẹnìkan kò sì gbọdọ̀ bínú. Láti Ọjà'ba dé Bẹ́ẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ kò rọ́nà kọjá. Mikail wà láàárín wọn, ó ń kọrin. Àwọn ìyàwó ilé ti lọ wòran. Oyún Jamilah ọmọ rẹ̀ wà nínú Mujeebat, ìrọbí mú un, omi rẹ̀ dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sì sí ẹnìkan nílé àfi Sọ̀rọ̀kẹ́lẹ́, tí kò bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà ọyẹ́. Sọ̀rọ̀kẹ́lẹ́ jáde síta. Ó já ọmọlańke gbà lọ́wọ́ alálùbọ́sà kan létí títì, ó da àlùbọ́sà rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé aboyún náà lé e, ó sì tì í wọ àárín àwọn tó ń kọrin èébú. Ó tì í gun òkè, bàtà rẹ̀ já, ó bọ́ ọ sílẹ̀. Ó tì í dé ilé ìgbẹ̀bí ní Yemetu. Nínú ìwé náà, kò la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ kan títí ó fi fà á lé àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, tó sì yí padà lọ wá alálùbọ́sà.

Bó ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn, àfi ibì kan. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ọjọ́ tí Mujeebat gbé ọmọ dé, ó kúnlẹ̀ kó dúpẹ́, mo ní bó bá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lójú ẹnikẹ́ni, yóò rí ìjà. Àwọn ará àdúgbò ló gbé e lọ, bẹ́ẹ̀ la sọ fún Mikail, bẹ́ẹ̀ ló sì mọ̀ ọ́n. Bí àwọn ìyàwó ilé bá mọ̀ pé dálémosú láàánú, wọn kò ní bẹ̀rù rẹ̀ mọ́, ibo ni n óò wá forí pamọ́ sí nínú ilé tí kò ti sí yàrá fún mi? Mo dúró lẹ́yìn kọ́tìnì, ojú ń tì mí bí ẹni tí wọ́n bá ní ìhòòhò.

Eunice dìde dúró. Mo gbọ́ pé ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní òun yóò ṣe fíìmù yìí. Ó ní òun yóò pe Gabriel Ọdẹ́yalé lọ́jọ́ náà gan-an, kó wá ṣe ọkọ, òun yóò ṣe ìyàwó, àti pé tí àwọn méjèèjì bá wà nínú rẹ̀, kò sí ilé tí wọn kò ní wò ó. Ohun tí Mujeebat fi oòrùn pa ara rẹ̀ lẹ́nu géètì fún nìyẹn, ó sì ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Eunice wá ní nǹkan kékeré kan ló kù láti tún ṣe. Ọkọ ni kó ti ọmọlańke.

"Ọkọ kò sí nílé, mà," Mujeebat dá a lóhùn. "Ó ń kọrin ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀."

"Fíìmù mà ni. Ẹ kọ ọ́ pé ó wà nílé. Gabriel ò ní wá láti ìlú Èkó wá máa kọrin ewé kiri kí ẹlòmíì wá gba ibi tó dùn jù lọ nínú fíìmù ṣe."

"Sọ̀rọ̀kẹ́lẹ́ ló tì í."

Eunice rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó ń kọ́ ọmọ iṣẹ́. "Ẹ gbọ́, Ìyá Aláta. Àwọn tó ń wò wá fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n máa kórìíra. Èèyàn burúkú kì í ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí obìnrin yìí bá lọ ti ọmọlańke, ta ni kí wọ́n wá kórìíra?"

"Kí wọ́n kórìíra ẹ̀ náà," Mujeebat wí. "Èmi náà kórìíra ẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló tì í."

Eunice ní kí ló dé, ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni obìnrin náà ni, kí ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Mujeebat ní òun kò lè dárúkọ rẹ̀. Eunice ní ó dáa, bí kò bá lè sọ ọ́ di èèyàn burúkú délẹ̀, kó kúkú yọ ọ́ kúrò pátápátá, ìtàn náà yóò dúró láìsí i. Ó ní bí kò bá ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì, kó má wulẹ̀ pe òun mọ́, ìtàn tó wà lọ́rùn òun kò níye. Mo gbọ́ ìró ìwé tí wọ́n ń ká. Mujeebat ní, "Ẹ ṣeun, mà," ó sì jáde. Ó bá mi lẹ́yìn kọ́tìnì. Ó wò mí, mo wò ó, ó kọjá lọ.

Ó lọ pa ẹ̀rọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni, òkúta ni n óò máa lọ̀ nínú rẹ̀ títí wọn yóò fi palẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti ní òun yóò pa á bí obìnrin náà bá gbọ́ ìtàn òun tán, obìnrin náà sì ti gbọ́ ọ tán. Ẹni tó ń ṣe ìsọmọlórúkọ gbé ata rẹ̀ tó kù lọ sí Àrẹ̀mọ. Títí di ìrọ̀lẹ́ ni Mujeebat fi jókòó ti ẹ̀rọ tó dákẹ́, ó ń wo Eunice Akínsọ́tọ̀ bó ti ń sunkún fún kámẹ́rà níwájú ilé wa nínú ìtàn ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ tàn kálẹ̀ pé ó kọ̀ fún Eunice, ẹnìkan kò sì mọ ìdí rẹ̀. Mikail kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Àwọn ìyàwó ilé ń fi í ṣẹ̀sín pé ó fi ọwọ́ òsì ti oore dànù. Mọ́gàjí, tó ti ń fọ ẹtù rẹ̀ sílẹ̀, kò dá a lóhùn bó bá kí i. Ó yẹ kí inú mi dùn, bẹ́ẹ̀ ni oorun kò kùn mí. Ìbínú ló wà nínú mi. Ta ló bẹ̀ ẹ́? Ta ló ní kó gbà mí là lọ́wọ́ òṣèré? Obìnrin tí mo ti ilẹ̀kùn kànga mọ́ ló wá lọ fi ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ láyé ṣòfò, torí kí wọ́n má baà gba ọmọlańke lọ́wọ́ mi. Kò sí bí mo ṣe lè san irú gbèsè bẹ́ẹ̀, n kò sì tọrọ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ra ata, mo gbé e lórí, mo jáde. Nígbà tí mo dé iwájú ẹ̀rọ Mujeebat, n kò kọjá. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Àwọn tó ń ra ẹ̀kọ lódìkejì yíjú sí wa.

"Òmùgọ̀ ni ẹ́," mo sọ fún un.

"Ẹ káàárọ̀, Sọ̀rọ̀kẹ́lẹ́."

"Irọ́ wà nínú ìwé rẹ."

Ìgbà yẹn ló gbójú sókè. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ó ti máa ń pọ́n. Ó ní níbo.

"O ní mi ò la ẹnu lọ́jọ́ yẹn. Ṣé èmi ni mo dákẹ́? Láti Bẹyẹrunkà dé Yemetu ni mo fi ń bú ẹ. Mo bú ẹ, mo bú ìyá ẹ, mo bú ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ wọlé wa. Torí ọjọ́ Òkèbàdàn ni, kò sẹ́ni tó yíjú wò wá."

Ó gbé ata mi, ó dà á sẹ́nu ẹ̀rọ, ó bu omi sí i. Kò tíì tan ẹ̀rọ. Ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ lórí irin.

"Mo mọ̀," ó wí. "Ojú mi ti ń ṣú, mo ti ń lọ. Bí ẹ bá ti bú mi, inú á bí mi, màá tún la ojú padà. Èébú yẹn ni mo dì mú títí a fi débẹ̀." Ó wo ilẹ̀. "Mi ò fẹ́ kí òṣèré kankan fi ẹnu sọ ọ́. Tèmi ni."

Ó tan ẹ̀rọ. Ariwo rẹ̀ bo gbogbo nǹkan. Nígbà tó lọ̀ ọ́ tán, mo ti ìka kan bọ ata náà, mo fi ìka méjì ra á. Mo sọ fún un pé kò kúnná, pé kóró ṣì wà nínú rẹ̀, pé ní Àrẹ̀mọ wọn kì í lọ ata fún èèyàn báyìí. Mo ní kó tún un lọ̀. Ó dà á padà sẹ́nu ẹ̀rọ, mo sì fa àpótí rẹ̀, mo jókòó dè é.